Kí Ni Wọ́n Fẹ́ Fi Ìgbẹ́ Ọmọ Wa Ṣe?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé dé lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí ọmọlúàbí ń sọ nídìí oúnjẹ. Ẹni tí ó bá ń jẹun lọ́wọ́, kí ó jẹ ẹ́ tán, kí ó fọ ọwọ́ rẹ̀, kí ó tó máa bá mi kálọ. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni. Ojú lè máa ti àwọn kan láti dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kì í ti ìyá. Kí ìyá tó gbé ọmọ rẹ̀ sáré lọ sí ọsibítù, ìdí ọmọ ni yóò kọ́kọ́ wò: ṣé ó le ni, ṣé ó ń ṣàn bí omi ni, ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀? Nítorí náà, kò sí dókítà tí ó lè bá àwọn ìyá wa du ipò àgbà nínú àyẹ̀wò ìgbẹ́.

Ohun tí ó fà á tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé, ní ọdún 2024, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan wọ àdúgbò wa, wọ́n ní àwọn ń fẹ́ ìgbẹ́ díẹ̀ lára àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, kí àwọn lè mọ irú kòkòrò tí ń gbé inú wọn. Wọ́n kó ìgò kéékèèké tí ó ní ìdérí wá. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán, ariwo ti ta. Àwọn kan ní irun, èékánná, ìwọ́ àti ìgbẹ́ ọmọ, à kì í fi í lé àlejò lọ́wọ́, nítorí ayé le. Àwọn kan ní òyìnbó ni yóò fi ṣòwò. Àwọn mìíràn sì bèèrè ìbéèrè kan tí ó mú ọgbọ́n dání: "Bí ẹ bá gbé e lọ tán, kí ni yóò padà sọ́dọ̀ wa?" Ìyálọ́jà wa kò lé wọn, kò sì gbà fún wọn. Ó ránṣẹ́ pè mí, nítorí pé mo ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ó ní, "Tíṣà, ẹ bá wa wádìí rẹ̀ dé gbòǹgbò. Bí ó bá dára kí a ṣe é, bí kò bá dára kí a sìn wọ́n dé ọ̀nà."

Èmi náà ní ohun tí ń jẹ mí lọ́kàn. Ọmọ mi obìnrin bí ìbejì. Ní àkókò tí mo ń wí yìí, wọ́n ti pé oṣù mẹ́rìnlá. Táyéwò sanra dáadáa. Kẹ́hìndé rù, irun rẹ̀ pọ́n, kò sì ní agbára àtirìn. Ọmú kan náà ni wọ́n jọ mu, láti inú ìkòkò kan náà ni a ti ń bu ẹ̀kọ fún wọn, orí ẹní kan náà ni wọ́n ń sùn. Ṣùgbọ́n ẹnu ayé kò ní bodè. Àwọn ẹbí ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọ̀kan ni ó fẹ́ràn, pé èyí tí ó wù ú ni ó ń fún ní oúnjẹ. Ó dé ibi pé ọmọ mi kò gbé ìbejì rẹ̀ jáde pọ̀ mọ́. Bí ó bá pọn ọ̀kan lọ sí ọjà, yóò fi èkejì sílẹ̀ sílé. Ìyá ìbejì tí kò lè gbé ìbejì rẹ̀ jáde, ẹ̀yin náà ẹ mọ irú ìbànújẹ́ tí ìyẹn jẹ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé, mo sì ń bi àwọn tí ó mọ̀ ọ́n léèrè. Ohun tí ó kọ́kọ́ dùn mọ́ mi nínú ni pé oníṣòwò aṣọ ni ó ṣí ilẹ̀kùn ìmọ̀ yìí. Orúkọ rẹ̀ ni Antonie van Leeuwenhoek, ará ìlú Delft ní ilẹ̀ Holland. Àwọn oníṣòwò aṣọ ìgbà náà máa ń fi awò wo òwú aṣọ, kí wọ́n lè mọ èyí tí ó dára. Ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe awò tirẹ̀ tí ó lágbára ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Ní ọdún 1681, nígbà tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru, ó mú díẹ̀ nínú ìgbẹ́ ara rẹ̀, ó fi awò náà wò ó, ó sì rí àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ń rìn nínú rẹ̀. Ní ọdún 1683, ó kọ̀wé sí àwọn ọ̀mọ̀wé ní London nípa irú wọn tí ó rí nínú ìdọ̀tí ara eyín. Báyìí ni ayé ṣe mọ̀ pé a kì í dá gbé inú ara wa.

Mélòó ni wọ́n? Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ kan ṣe ìṣirò rẹ̀, wọ́n ní kòkòrò àìfojúrí tí ó wà lára ọkùnrin kan tó bílíọ̀nù lọ́nà 38,000. Gbogbo ènìyàn tí ó wà láyé kò ju bíi bílíọ̀nù 8 lọ. Inú ìfun ńlá ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé. Kì í sì í ṣe ọ̀tá ni gbogbo wọn. Wọ́n ń bá wa lọ oúnjẹ tí inú wa kò lè dá lọ̀, wọ́n ń ṣe àwọn èròjà kan tí ara ń fẹ́, wọ́n sì ń ṣọ́ ilé. Ẹ̀yin oníṣòwò yóò tètè mọ bí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ. Ọjà tí gbogbo ìsọ̀ rẹ̀ kún, tí olúkúlùkù jókòó ti igbá rẹ̀, olè kì í rí ibi dúró sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi kùmọ̀ lé gbogbo ènìyàn jáde lọ́jà, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ padà wá lè jẹ́ jàgùdà. Irú kùmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni oògùn apakòkòrò tí a ń rà ní ìràkurà lọ́wọ́ àwọn tí ń gbé e kiri. Ó ní ìgbà tí ó yẹ, ó sì ń gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n kì í ya olè sọ́tọ̀ kúrò lára ọlọ́jà.

Àwọn ìyá wa ti ń bá àwọn kòkòrò wọ̀nyí ṣòwò tipẹ́ láìmọ orúkọ wọn. Ta ni ó ń mú ògì kan bí kì í bá ṣe àwọn ni? Ta ni ó ń sọ igbá di irú? Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ti mú àwọn kòkòrò inú ògì, wọ́n ti dán wọn wò sí àwọn tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru, wọ́n sì rí i pé wọ́n ń dí àwọn búburú náà lọ́wọ́. Èyí kò wí pé kí ẹnikẹ́ni jókòó ti omidùn nígbà tí ọmọ ń gbẹ lọ. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń fún ni ní ilé ìwòsàn, pẹ̀lú oògùn zinc, ni ó yẹ kí a tètè wá.

Nígbà tí mo dé orí ìtàn ilẹ̀ Malawi, mo fi ìwé sílẹ̀, mo dìde dúró. Ní ilẹ̀ náà, àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ń bá Jeffrey Gordon ṣiṣẹ́ ní Ifásitì Washington ní ìlú St. Louis, Amẹ́ríkà, tẹ̀ lé ìbejì 317, ìyẹn ìdì méjì-méjì lọ́nà 317, títí wọ́n fi tó ọmọ ọdún mẹ́ta. Ní ọdún 2013 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Nínú ìdajì àwọn ìbejì náà, ọmọ méjèèjì ń jẹun kánú. Ṣùgbọ́n nínú 43 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀kan rù nígbà tí èkejì dára, bẹ́ẹ̀ ni ilé kan náà, ìyá kan náà, ìkòkò kan náà! Wọ́n mú ìgbẹ́ ìbejì tí ọ̀kan nínú wọn ní kwashiorkor, wọ́n fi kòkòrò inú rẹ̀ sínú àwọn eku tí a tọ́ láti ìbí nínú àpótí tí kòkòrò kankan kò lè wọ̀. Wọ́n fún àwọn eku náà ní irú oúnjẹ tí àwọn ará Malawi ń jẹ. Eku tí ó gba ti ọmọ tí ó ṣàìsàn rù gidigidi. Èyí tí ó gba ti èkejì rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe kòkòrò nìkan, kì í sì í ṣe oúnjẹ nìkan. Àwọn méjèèjì ni wọ́n pàdé.

Wọn kò sì dúró síbẹ̀. Ní ìlú Dhaka ní ilẹ̀ Bangladesh, wọ́n ṣe oúnjẹ kan fún àwọn ọmọ tí ó rù, kí ó lè bọ́ ọmọ, kí ó sì bọ́ àwọn kòkòrò rere inú rẹ̀. Ẹ̀pà wà nínú rẹ̀, sóyà wà nínú rẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú irú ẹ̀wà kan tí àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ. Ní ọdún 2021, wọ́n fi hàn pé ó mú ọmọ dàgbà dáradára ju oúnjẹ ìtọ́jú tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára inú rẹ̀ kéré sí ti ìṣáájú. Ẹ wo àwọn ohun tí mo kà sílẹ̀ yẹn. Èwo ni kò sí ní ọjà wa níbẹ̀, yàtọ̀ sí ẹ̀wà yẹn?

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò wí pé, bí ó bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí olúkúlùkù ọsibítù kò lè ṣe é? Ìdí rẹ̀ nìyí. Ìgbẹ́ tí a bá gbà gbọ́dọ̀ wọ fìríìsà kan tí ó tutù ju ti ẹlẹ́ja lọ fíìfíì. Ọgọ́rin ìwọ̀n ni ó fi wà nísàlẹ̀ ibi tí omi ti ń di yìnyín. Lẹ́yìn náà, wọn yóò fọ́ àwọn kòkòrò inú rẹ̀, wọn yóò yọ DNA wọn, èyí tí ó dàbí ìwé tí a kọ orúkọ àti ìwà kòkòrò kọ̀ọ̀kan sí. Ẹ̀rọ olówó gọbọi ni yóò ka ìwé náà, kọ̀ǹpútà tí ó lágbára ni yóò to ohun tí ẹ̀rọ kà, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà fún ọdún púpọ̀ ni yóò sì túmọ̀ rẹ̀. Ta ni yóò dá ra gbogbo ìyẹn? Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹja yìnyín, ẹ mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì tí jẹnẹrétọ̀ kò sì ṣiṣẹ́.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dá ilé àyẹ̀wò àjọlò sílẹ̀. Kò jìnnà sí ohun tí a ti ń ṣe. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń ta ẹ̀kọ ni ó ní ẹ̀rọ ìlọgi. Ẹ̀rọ kan wà ní àdúgbò, olúkúlùkù gbé àgbàdo rẹ̀ lọ, ó sanwó, ó gba ògì tirẹ̀ padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ẹni tí ń wádìí àìsàn ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tí ń wádìí ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé, ẹni tí ń wádìí ìkọlù inú àgbàlagbà, gbogbo wọn yóò gbé ohun àyẹ̀wò wọn wá sí ilé kan, wọn yóò sanwó iṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ yóò sì bá wọn ṣe é.

Èrè rẹ̀ ju ti owó lọ. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mọ wàhálà kóńgò. Kóńgò ọjà yìí kò bá kóńgò ọjà tọ̀hún mu. Àwọn kan tilẹ̀ ń lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá gàrí wọ́n ní ìlú kan ju òmíràn lọ, àfi kí ó fi kóńgò kan ṣoṣo wọ̀n ọ́n ní ìlú méjèèjì. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ fi ọ̀nà 21 yọ DNA nínú ìgbẹ́ kan náà. Àbájáde wọn kò bára mu. Ọ̀nà tí a gbà yọ ọ́ ń yí ohun tí a rí padà. Nítorí náà, bí ilé àyẹ̀wò mẹ́wàá bá ń ṣe é lọ́nà mẹ́wàá, a kò ní mọ̀ bóyá ọmọ ni ó yàtọ̀ sí ọmọ tàbí kóńgò ni ó yàtọ̀ sí kóńgò. Ilé àjọlò tí ó dára máa ń fi ìgò tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ sáàárín àwọn tòótọ́. Bí ẹ̀rọ bá rí kòkòrò nínú ìgò òfìfo, a jẹ́ pé ìdọ̀tí ilé àyẹ̀wò ni, kì í ṣe ti ọmọ ẹnikẹ́ni.

Bí Amẹ́ríkà ti ṣe é nìyẹn. Nínú iṣẹ́ ńlá tí ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007, wọ́n mú àgbàlagbà 242 tí ara wọn le ní Houston àti St. Louis, ilé àyẹ̀wò ńlá mẹ́rin pín ìwé DNA náà kà, Ifásitì Maryland sì ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 2012 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Ó dára fún wọn. Ṣùgbọ́n inú ará Houston kò lè jẹ́ òdiwọ̀n fún inú ará Ọ̀yọ́. Ní ọdún 2018, Funmilola Ayeni ti Ifásitì Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bologna, ilẹ̀ Ítálì, fi ohun tí wọ́n rí nínú àwọn Bassa ìgbèríko àti àwọn ará ìgboro Nàìjíríà hàn, wọ́n sì rí i pé wọ́n yàtọ̀ síra. Ní ọdún 2025, iṣẹ́ mìíràn jáde lórí obìnrin 1,801 ní Burkina Faso, Ghana, Kenya àti South Africa. Wọ́n bá ọ̀pọ̀ kòkòrò pàdé tí kò sí nínú ìwé ayé rí. Nàìjíríà kò sí nínú ìlú mẹ́rin yẹn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí fún yín pé a kò lè ṣe é. Ní ìlú Ẹdẹ, ní Ifásitì Redeemer's, ilé àyẹ̀wò kan wà tí Christian Happi jẹ́ olórí rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ACEGID tẹ́lẹ̀. Wọ́n wà lára àwọn tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 2014 pé Ebola ti wọ Èkó. Ní oṣù March ọdún 2020, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ka ìwé RNA kòkòrò Kòrónà ní gbogbo Áfíríkà. Ilẹ̀ Ọ̀ṣun ni, kì í ṣe òkè òkun.

Ìkìlọ̀ kan wà tí n kò lè fò dá. Ní ọdún 1958, Ben Eiseman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Denver fi ìgbẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le wo aláìsàn mẹ́rin tí àìsàn ìfun fẹ́ pa, ara wọn sì yá. Ní ọdún 2013, ní Amsterdam, 13 nínú aláìsàn 16 ni ó sàn ní ìgbà kìíní tí wọ́n ṣe é fún wọn. Ìyanu ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2019, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé aláìsàn kan kú, nítorí pé ìgbẹ́ tí wọ́n fún un ní kòkòrò tí oògùn kò ràn nínú, tí ẹnikẹ́ni kò sì yẹ ìyẹn wò tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbé ìgò kiri nínú bọ́ọ̀sì, tí ó ní òun ń ta kòkòrò rere tí ń wo gbogbo àrùn, ẹ bi í pé ilé àyẹ̀wò wo ni ó yẹ ẹ́ wò. Bí ó bá ń ṣépè, ẹ sọ̀kalẹ̀ níwájú.

Nígbà tí a padà jókòó ní gbọ̀ngán, mo ro gbogbo èyí fún wọn. Mo sì rán àwọn àgbà létí ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa. Láti ọdún 1956 lọ, dókítà kan tí ń jẹ́ David Morley, tí ó wà ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà, ń wọn àwọn ọmọdé ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó sì ń fi ìlà sí káàdì tí ìyá ń tọ́jú sílé. Káàdì yẹn tàn ká ayé. Àwọn ìyá Ìmẹ̀sí yọ̀ǹda ọmọ wọn fún ìwọ̀n. Ohun tí ó padà bọ̀ wá sọ́dọ̀ wọn, gbogbo ìyá ayé ni ó jẹ nínú rẹ̀.

Ìyálọ́jà wá kọjú sí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera náà. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ibo ni ẹ óò kó o pamọ́ sí?" Wọ́n dárúkọ ibẹ̀. Ó ní, "Bí ó bá ń lọ sí òkè òkun ńkọ́?" Wọ́n ní, "Màmá, kò ní lọ láìjẹ́ pé a padà wá sọ fún yín." Ó ní, "Ṣé yóò wo ọmọ sàn?" Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ṣáájú wọn kúnlẹ̀, ó ní, "Rárá, Màmá. Ìmọ̀ ni a ń wá. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá rí tí ó ń ṣàìsàn, a óò mú un dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì." Òótọ́ inú rẹ̀ yẹn ni ó mú wa gbà. A ní kí wọ́n ka ìwé àdéhùn sókè ní èdè Yorùbá, kí ìyá tí ó bá yí ọkàn padà lè gba ti ọmọ rẹ̀, kí wọ́n sì wá ròyìn nínú gbọ̀ngán kan náà. Ọ̀pọ̀ ìyá gbà, àwọn kan kò gbà, a kò sì bú ẹnikẹ́ni.

Ọmọ mi mú ti Táyéwò àti Kẹ́hìndé wá. Wọ́n wọn Kẹ́hìndé, wọ́n sì fi í sínú àwọn tí ń gba oúnjẹ ìtọ́jú. Ó ti ń sanra díẹ̀díẹ̀. Oúnjẹ àti ìtọ́jú nọ́ọ̀sì ni mo fi ọpẹ́ fún. N kò ní parọ́ pé ìgò ìgbẹ́ ni ó ṣe é. Ṣùgbọ́n mo lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀, mo sọ ti àwọn ìbejì Malawi fún un. Ó dákẹ́ pẹ́, ó ní, "Tíṣà, ṣé kì í wá ṣe ọ̀rọ̀ ọmú?" Mo ní, "Ìyá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmú." Láti ọjọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń pọn Kẹ́hìndé lọ sí ibi ìwọ̀n.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tíṣà, bí wọ́n bá gbé ìgò kéékèèké dé àdúgbò yín, ẹ má sá, ẹ má sì fi ojú dídì gbà. Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ibi tí wọn yóò kó o sí, àti ohun tí yóò padà wá. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń lọ ìbò, ẹ bi àwọn tí ń tọrọ ìbò yín pé ilé àyẹ̀wò àjọlò mélòó ni wọn yóò fi iná tí kì í kú sí. Ẹni tí kò bá ní kóńgò tirẹ̀, kóńgò ẹlòmíràn ni wọn yóò máa fi wọn ọjà rẹ̀ fún un.